Àsíá Mẹ́kà Lórí Òkè Pẹrú

Utaibíyà, Mẹ́kà,
lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Rúkáyà ọmọ Àlàájì,

Mo kí ọ, mo sì kí Táófíìkì ọkọ rẹ. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń yọjú wo ìwé mi bí ẹni tí kò wo nǹkan kan. Ó ní kí n kàn fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Mo ní rárá. Ohùn orí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbọ́ ọ, kó tó sọnù sáàárín àwọn àdúrà Jímọ̀ tí àwọn ará Ìwó ń fi ránṣẹ́ sí wa. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sọnù.

Mo mọ ohun tí o ń retí. Láti ìgbà tí a ti dé láti Pẹrú ni o ti ń pe ìyá rẹ láti Jẹ́dà, tí o ń bi í pé, "Kí ni Bàbá wí?" Òun náà á ní, "Bàbá ò tíì wí nǹkan kan." Òótọ́ ló sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ní ìlú Límà ti fún ọ ní iṣẹ́, ọkọ rẹ ti gbà láti bá ọ lọ, ẹ̀yin méjèèjì sì ti sọ pé ẹsẹ̀ yín ò ní kúrò nílẹ̀ bí n kò bá yọ̀ǹda. Ẹ ṣeun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú yìí kì í béèrè mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń han bàbá wọn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí o kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá. Gbogbo ayé ló ń sunkún kí wọ́n tó dé Mẹ́kà. Mo ti rí arúgbó tó dé ibi tí a ti ń rí Káábà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé e mọ́, tó jẹ́ pé èmi ni mo gbé e. Ìwọ wá rèé, inú ìtẹ́ lo ti ń gbọ́ ìpè ìrun mọ́sálásí Háráàmù, o ní o fẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Mo tún bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìkámà. O mọ̀ pé ìwé ìgbélùú yẹn kì í dúró de ẹni tó bá lọ tó pẹ́. Bó bá kú, àlejò ni wàá padà wá jẹ́ ní ìlú tí a bí ọ sí. Ìdí nìyí tí mo fi bi ọ́ léèrè pé ẹni tó ti wà ní Mẹ́kà, ibo ló tún ń lọ? O dá mi lóhùn ní Lárúbáwá, bó ṣe máa ń ṣe ọ́ bí inú bá ń bí ọ: "Tayyib, yā Bàbá, ó dáa. Ẹ wá fi ojú ara yín rí i nígbà náà." Bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe di èrò ọ̀nà Pẹrú nìyẹn.

Ojú mi ti rí i. Ohun tó rí kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn díẹ̀ sọwọ́ sí ọ kí n tó sọ ìdáhùn mi, má sì fò dé ìsàlẹ̀ ìwé, mo mọ̀ ọ́.

Èkíní: má gbé àsíá lọ sí ìlú onílùú. O mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá mi níhìn-ín ni mo ti ń mú àwọn Àlàájì àti Àlàájà wa láti Nàìjíríà rìn, láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Jẹ́dà dé Mẹ́kà, láti Mẹ́kà dé inú àgọ́ Mínà. Èmi ni mo máa ń wà níwájú pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ewé, tí mo ń pariwo pé, "Ẹ má wo ọ̀tún, ẹ má wo òsì, àsíá ni kí ẹ máa wò." Ẹni tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà lẹ́yìn. Bí a ṣe jáde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Límà báyìí, mo so ìborùn ìyá rẹ mọ́ orí agbòòrùn, mo nà án sókè, mo sì bọ́ síwájú yín. Ibo ni mo ń lọ? N kò mọ̀.

Rósà, obìnrin amọ̀nà tí o ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ ìyá rẹ ni, ó dé fìlà onírun, ó pa irun rẹ̀ ní méjì sẹ́yìn. Ó wo agbòòrùn, ó wò mí, ó sọ nǹkan kan ní èdè Sípáníìṣì. O túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́: "Ó ní, Bàbá, ta ló ń mú ta lọ?" Táófíìkì kọjú sí ògiri. Àna mi ni, kò gbọdọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo sọ agbòòrùn náà kalẹ̀ nígbà tí mo rí Límà. Aṣálẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìlú náà, òkun ló wà níwájú rẹ̀, àfi bíi Jẹ́dà. Ṣùgbọ́n ní Jẹ́dà oòrùn ń sun ni láyà, ní Límà kùrukùru ló bo ojú ọ̀run, atẹ́gùn tutù, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú. Mo bi Rósà pé ìgbà wo ni òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀ rárá, pé kùrukùru náà á kàn dúró sókè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á sì lọ. Mo gbójú sókè, mo ń wo omi tí kò bọ́ sílẹ̀ lórí ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo ní "Sùbúháná-Lláhì" títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Létí òkun, ọkùnrin kan ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n. Adúláwọ̀ ni. Ìmú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, bó ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìwó ló jọ. Mo ti kí i ní Yorùbá kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹja kan sí mi. Rósà ṣàlàyé pé gẹ́gẹ́ bí ẹrú ni wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ dé ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹja náà mú. Ẹni tí ojú rẹ̀ jọ ti ará Ṣáínà ń ná ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, obìnrin kan láti orí òkè sì ń ta àgbàdo sísè, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìlú kan náà ni gbogbo wọn. Ọdọọdún ni mo ń dúró ní Mínà tí mo ń sọ fún àwọn èrò pé kò sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí irú àpéjọ ẹ̀dá Ọlọ́run báyìí. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, Àbẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, máa kí èèyàn níbẹ̀. Má dúró kí wọ́n kí ọ tán. Èdè tó bá wá sí ọ lẹ́nu ni kí o fi kí wọn.

Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé òjò. Kò sí bí mo ṣe máa gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí a dé inú igbó wọn, tí a rí odò tí a kò rí òdìkejì rẹ̀ dáadáa, tí igi pọ̀ débi pé ilẹ̀ ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, òjò kan ṣú, ó sì dà. Gbogbo wa sá sábẹ́ òrùlé. Ìyá rẹ bọ́ bàtà, ó jáde sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí. Ó dúró, ó la ọwọ́. Mo ní, "Àlàájà, òtútù á mú ọ." Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Àlàájì. Òjò gidi rèé. Òjò Ìwó rèé." Ó ti pẹ́ tí mo ti fi obìnrin yìí sí ìlú tí òjò kì í ti pa èèyàn, kò sì fi ìgbà kan sọ pé òun ń fẹ́ òjò. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí odò. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀pà títí obìnrin náà fi mú ẹ̀pà wá, ó sì jókòó lórí àpótí rẹ̀ bí ẹni pé ojúde baba rẹ̀ ló wà. Bí ìwọ bá bá ọkọ rẹ lọ síbì kan, tàbí tí òun bá bá ọ lọ síbi iṣẹ́ rẹ, ẹ máa bi ara yín léèrè ohun tí ọkàn yín ń fẹ́. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kì í ṣe pé kò fẹ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá rẹ ń bi mí pé kí ni mo ń kọ nípa òun.

Èkejì, tàbí ẹ̀kẹta, mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé: bí o bá dé ibi tí o kò mọ̀, jẹ́ kí wọ́n mú ọ. Nígbà tí a gun òkè dé Kúsíkò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, Rósà kìlọ̀ fún gbogbo wa pé kí a dùbúlẹ̀, kí a mu omi, kí ẹnikẹ́ni má gun nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin gbọ́ràn. Èmi tí mo máa ń bá àwọn arúgbó jà ní Mínà pé, "Àlàájì, ẹ dúró níbòòji, ẹ mu omi, ẹ má tíì lọ ju òkò lu Ṣàìtánì," mo dìde, mo wọ ẹ̀wù, mo ní mo fẹ́ lọ wo àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn ará ìgbàanì fi mọ odi wọn. Mo dé ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan odi náà, òkúta tó ga ju ilé wa lọ, wọ́n fi ara wọn há ara wọn débi pé abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn, kò sì sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ "Allāhu Akbar," èémí kò jáde. Ilẹ̀ yí. Ìgbà tí mo lajú, orí itan ìyá rẹ ni mo wà, Rósà sì ń gbé ife tíì kan sí mi lẹ́nu.

Mo pa ẹnu dé. Mo ní n kò mọ ewé tó wà níbẹ̀. Ìyá rẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bí àlejò bá ṣe báyìí sí yín ní Mínà, Àlàájì, kí lẹ máa sọ fún un?" Òórùn tíì náà sì dà bíi ti ewé naànáà tí a ń fi sí tíì wa nílé. Mo mu ún. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ti pa òwe yìí fún àìmọye èèyàn, n kò mọ̀ pé wọ́n lè pa á mọ́ mi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé ìyá Rósà. Èyí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà, nítorí mo mọ̀ pé o rò pé ibẹ̀ ni mo ti bínú tí n kò fi bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé.

O rántí abúlé náà, lórí òkè níbi tí yìnyín ti wà lókèèrè, tí àwọn ẹran wọn jọ àgùntàn lára, ṣùgbọ́n tí wọ́n na ọrùn, tí wọ́n sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn bí ràkúnmí. Ilé alámọ̀ ni, bí ilé baba mi. Ìyá arúgbó náà tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó kó pòtétò sísè síwájú wa, pupa, dúdú, oríṣiríṣi. Rósà sọ fún wa pé omi ti ń dín kù lọ́dọ̀ wọn, pé ìsun tí ìyá òun ń pọn ti di tín-ín-rín. Mo wá mú omi Sámsámù tí mo ti gbé láti Mẹ́kà jáde. O mọ̀ pé n kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni láìmú un dání. Mo bu ú sínú ife, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá arúgbó náà. Ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tẹ ife náà sísàlẹ̀, ó sì ta díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu.

Ara mi gbóná. Omi Sámsámù, tí àwọn èèyàn ń fi òwú gbé ẹ̀kán rẹ̀ sẹ́nu aláìsàn, òun ló tú dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. O bi Rósà léèrè, Rósà sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ fún wọn lómi, ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu. Mo ti fẹ́ la ẹnu ṣe wáàsí. Ìyá rẹ fi ìka kan orúnkún mi, ó ní, "Àlàájì, omi yẹn ti kúrò lọ́wọ́ yín."

Mú ọ̀rọ̀ yẹn dání lọ, ọmọ mi. Di ẹ̀sìn rẹ mú, má fi ìrun rẹ ṣeré, má jẹ ohun tí a kò jẹ, má sì ta omi sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń ta á. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá ti fi tọrẹ, má tẹ̀ lé e lọ sílé ẹni tó gbà á.

Ìyá arúgbó náà mu ìyókù tán. Ó nu ẹnu, ó béèrè ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Hájárà. Èmi ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ìwọ ń yí i sí Sípáníìṣì, Rósà ń yí i sí èdè òkè wọn, mo sì ń wo ojú arúgbó náà bí ọ̀rọ̀ mi ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti sọ ọ́ tán. Mo sọ bí Ànábì Ìbúráhímà ṣe fi obìnrin yìí àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní aṣálẹ̀, bí omi ìgò wọn ṣe tán, bí ọmọ ṣe ń ké, bí ìyá ṣe ń sáré láàárín òkè Sáfà àti òkè Máríwà títí Ọlọ́run fi la ilẹ̀ fún un. Nígbà tó kan òkè méjì, arúgbó náà gbójú wo òkè tó wà lọ́tùn-ún ilé rẹ̀, ó wo ti òsì.

Ó ní, "Obìnrin ló rí i?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ọmọ ìlú yẹn ni?"

Mo ní rárá, àjèjì ni. Mo ní kò tiẹ̀ sí ìlú níbẹ̀ nígbà yẹn, nítorí omi tó rí ni àwọn èèyàn ṣe wá tẹ̀ dó tì í.

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu júwe rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ó ní, "Bíi tèyí. Rósà ní omi lòun náà fẹ́ wá wá fún àwọn ará ìsàlẹ̀ létí òkun."

O túmọ̀ rẹ̀ fún mi, o sì yára fi kún un pé kí n má bínú. N kò bínú. Mo dìde, mo jáde, mo ṣe bí ẹni ń wo ẹran. Mo ti rin àárín Sáfà àti Máríwà débi pé ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀ ju pálọ̀ wa lọ. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún èrò tó kún ọkọ̀, kò sì fi ìgbà kan wá sí mi lọ́kàn pé Mẹ́kà tí n kò fẹ́ kí o kúrò níbẹ̀, obìnrin tó ti òkèèrè wá tó ń wá omi kiri ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí níbi tí mo dúró sí láàárín àwọn ẹran yẹn. N kò lè sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú nítorí pé bí mo bá la ẹnu, ẹkún ni màá sun lójú àna mi.

Mo tún rántí bàbá mi. Nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ níbí, bàbá mi kò tíì rí Mẹ́kà rí. Kò mọ ibi tí mo máa sùn, kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú ilé wa ní Ìwó, ó ní, "Máa lọ. Ẹni tó dá ibẹ̀ ló dá ibí." Ọdún tó wá ṣe Hájì, èmi ni mo gbé àsíá níwájú rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ojú mi rí Pẹrú, tí mo jẹ oúnjẹ wọn, tí wọ́n gbé mi dìde nílẹ̀, kí ni mo wá ń fà sẹ́yìn sí?

Ọ̀rọ̀ ìkámà kò bà mí lẹ́rù mọ́. Bó bá kú, kó kú. Àlejò Ọlọ́run ni à ń pe gbogbo ẹni tó bá gba fisà wá síbí, kò sì sí oyè tó dára jù ú lọ ní ìlú yìí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí o bá ń bọ̀, wàá rí mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Jẹ́dà pẹ̀lú àsíá, ẹ ó sì tò sẹ́yìn mi, ìwọ àti ọkọ rẹ àti ẹni yòówù tí Ọlọ́run bá ti fi kún yín.

Nígbà tí o bá fẹ́ kírun ní Límà, kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí o kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bó ṣe rí ní Jẹ́dà náà nìyẹn, kò ní ṣòro fún ọ. Láti Ìwó náà, ibẹ̀ la máa ń kọjú sí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọjú síbẹ̀ ní kékeré, Mẹ́kà máa ń wù mí débi pé oorun kì í kùn mí. Ìwọ ò mọ ìyẹn rí, nítorí pé ẹ̀yìn ilé wa ló wà fún ọ. Wàá mọ̀ ọ́n wàyí, inú mi sì dùn pé wàá mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ ti ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó ní ṣé mo ti sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́: mo yọ̀ǹda. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé ọ lórí láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Máa lọ, Rúkáyà, ẹni tó dá ibí ló dá ibẹ̀.

Ọ̀la ni èmi àti ìyá rẹ ń lọ ṣe Úmúrà fún yín. O mọ ibi tí iná aláwọ̀ ewé wà láàárín Sáfà àti Máríwà, níbi tí àwa ọkùnrin ti máa ń sáré nítorí pé obìnrin kan sáré níbẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn mí, mo kàn ń rìn kọjá ibẹ̀ ni, ìyá rẹ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́la, bí mo bá dé abẹ́ iná yẹn, màá ká aṣọ Úmúrà mi sókè, màá pe orúkọ rẹ, màá sì sáré.

Ìwọ lọ wá omi náà.

Bàbá rẹ.